Láti Ọ̀dọ̀ Woltman Dé Ohùn Tí Etí Kò Gbọ́: Ìtàn Ìwọ̀n Omi ní Hamburg

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ Osdorfer Born, àdúgbò àwọn ilé gogoro tí ó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn Hamburg. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, nígbà tí àìrílégbé ṣì ń dààmú àwọn ará ìlú náà. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀. Ṣùgbọ́n omi ti dé tipẹ́, ó sì ń gun òkè lọ bá ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní téńté. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú èdè àtijọ́ àwọn ará àríwá Jámánì, orísun omi tàbí kànga ni "born". Ẹni tí ó bá ní òun ń gbé ní Osdorfer Born, ohun tí ó ń wí ni pé òun ń gbé ní ẹ̀bá ìsun omi àwọn ará Osdorf.

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, yálà ní ilé ìwẹ̀ tàbí ní ilé ìdáná, mítà omi kan wà tí ń ka iye omi tí ẹ ń lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bojú wò ó àfi nígbà tí ìwé owó ọdọọdún bá dé láti ọ̀dọ̀ onílé. Síbẹ̀, ìtàn ńlá wà lẹ́yìn ohun kékeré yìí. Iná wà nínú ìtàn náà, àjàkálẹ̀ àrùn wà nínú rẹ̀, ìjà lórí ẹni tí yóò san owó omi sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í sì í ṣe ìtàn àwọn Jámánì nìkan, nítorí pé ìlú Èkó náà ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Kóńgò fún ohun tí kì í dúró

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kì í ṣe ohun àjèjì sí àwa Yorùbá. Kóńgò ni a fi ń wọn ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí ní ọjà wa. Olùrà tí ojú rẹ̀ là a máa yẹ ìdí kóńgò wò kí ó tó na owó, nítorí ó mọ̀ pé àwọn kan a máa lu ìdí rẹ̀ wọ inú kí ó má baà gba ọjà tó bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn tán ni yóò wá béèrè èènì. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ pé òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ láàárín ẹni méjì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wà dúró sójú kan kí a lè bù ú. Omi inú páìpù kò dúró. Ó ń sá lọ, a kò sì fi ojú rí i. Bí a bá ní kí a máa pọn ọ́n sínú garawa kí a tó mọ iye rẹ̀, ìlú tí ó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn yóò kú fún òùngbẹ. Báwo wá ni a ṣe ń wọn ohun tí ń sá lọ láìdá a dúró? Ẹni tí ó fi ìdáhùn pàtàkì kan sílẹ̀ fún aráyé jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú Hamburg.

Reinhard Woltman ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1757 ni a bí i, ó sì kú ní ọdún 1837. Ẹnjiníà omi ni, ó sì ṣiṣẹ́ fún Hamburg ní ẹnu odò Elbe, ní agbègbè Cuxhaven, níbi tí òkun ti ń jẹ etí ilẹ̀. Ẹni tí yóò bá òkun jà gbọ́dọ̀ mọ agbára rẹ̀. Ní ọdún 1790, Woltman tẹ ìwé kan jáde ní Hamburg lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní abẹ̀bẹ̀ bí ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. A ó ti abẹ̀bẹ̀ náà bọ inú odò, omi yóò sì máa yí i. Bí omi bá ń yára, abẹ̀bẹ̀ a yára. Bí omi bá ń falẹ̀, abẹ̀bẹ̀ a falẹ̀. Ẹni tí ó bá ka iye ìgbà tí ó yí láàárín àkókò kan lè mọ bí omi náà ti ń sáré tó.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Bí a bá mọ bí omi ti ń sáré tó, tí a sì mọ bí ọ̀nà tí ó ń gbà ti fẹ̀ tó, a ó sọ méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, a ó sì mọ iye omi tí ń kọjá. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń wọn omi nínú páìpù lóde òní dúró lé, títí kan èyí tí ń fi ohùn wọ̀n ọ́n. Títí di òní ni a sì ń fi orúkọ Woltman pe irú mítà omi kan tí a ń lò fún àwọn páìpù ńláńlá.

Iná ọdún 1842 àti omi tí a kò sẹ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, iná sọ ní Hamburg. Títí di ọjọ́ 8 oṣù náà ni ó fi ń jó. Ènìyàn 51 ni ó bá a lọ, nǹkan bí 20,000 sì di aláìnílé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àárín ìlú ni ó di eérú. Lẹ́yìn àjálù yìí, àwọn aláṣẹ ìlú gbé iṣẹ́ lé ẹnjiníà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́wọ́, William Lindley, ẹni tí ó ti wà nílùú náà fún iṣẹ́ ojú irin. Lindley ṣe ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ fún omi ẹ̀gbin, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ omi sí Rothenburgsort. Ní ọdún 1848 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí gba inú páìpù lọ sí ilé àwọn ènìyàn. Ní àkókò náà, ohun ìyanu gbáà ni èyí jẹ́ ní Yúróòpù.

Àbùkù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó sì tóbi. Inú odò Elbe ni wọ́n ti ń fa omi náà, wọn kò sì sẹ́ ẹ. Wọ́n kàn ń dá a dúró nínú àwọn adágún kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè rọlẹ̀ díẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1880, onímọ̀ ẹranko kan tí a ń pè ní Karl Kraepelin ṣe ìwádìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, lórí oríṣiríṣi ẹ̀dá tí ó fi inú páìpù omi Hamburg ṣe ilé. Ìmọ̀ràn pé kí wọ́n fi yanrìn sẹ́ omi ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n owó ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú, àwọn onílé ní àga tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn, wọn kò sì yára láti fọwọ́ sí ìnáwó tí yóò padà wá bá àpò wọn.

Ìlú Altona, tí ó fi ara ti Hamburg pẹ́kípẹ́kí, ṣe ti rẹ̀ yàtọ̀. Láti ọdún 1859 ni wọ́n ti ń fa omi ní Blankenese, wọ́n sì ń fi yanrìn sẹ́ ẹ lórí òkè Baursberg. Ẹ ṣàkíyèsí pé Altona wà ní ìsàlẹ̀ odò. Omi tí ẹ̀gbin Hamburg ti dà sí ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ń fa omi tí ó burú ju ti Hamburg lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń sẹ́ ẹ kí wọ́n tó mu ún.

Onígbáméjì ọdún 1892

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1892, àrùn onígbáméjì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kọ́lẹ́rà, bẹ́ sílẹ̀ ní Hamburg. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 17,000 ni ó kó o, nǹkan bí 8,600 sì kú. Àwọn tálákà tí ń gbé nínú àwọn kọ̀rọ̀ híhá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Jámánì rán Robert Koch wá láti Berlin. Koch ni ó ti fi kòkòrò àrùn náà han ayé lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ṣe ní Íjíbítì àti ní Íńdíà ní ọdún 1883 àti 1884. Nígbà tí ó rí ibi tí àwọn tálákà Hamburg ń gbé, a gbọ́ pé ó ní òun gbàgbé pé Yúróòpù ni òun wà.

Ohun tí Koch àti àwọn mìíràn rí ní ààlà Hamburg àti Altona ni ó pa gbogbo awuyewuye. Ààlà ìlú méjèèjì gba àárín àdúgbò kọjá, débi pé ilé dojú kọ ilé. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń mu omi Hamburg, òkú sùn. Níbi tí wọ́n ti ń mu omi Altona, ìwọ̀nba ni àrùn náà. Agboolé àwọn òṣìṣẹ́ kan tilẹ̀ wà ní apá ti Hamburg tí ó jẹ́ pé páìpù Altona ni ó ń fún un lómi, àrùn náà kò sì wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé afẹ́fẹ́ búburú ni ó ń pa ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀. Hamburg ni ọ̀pọ̀ aṣíkiri láti Rọ́ṣíà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Júù, ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi àrùn náà rù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnì yòówù tí ìbáà mú kòkòrò náà wọlé, omi tí àwọn aláṣẹ kọ̀ láti sẹ́ ni ó gbé e dé ẹnu àwọn ará ìlú. Àjèjì kọ́ ni ó ni páìpù. Hamburg kò fẹ́ fi owó san gbèsè náà, ó sì fi òkú san án.

Nígbà tí àrùn náà bẹ́, iṣẹ́ ti ń lọ lórí ibi ìsẹ́mi tuntun ní erékùṣù Kaltehofe. Wọ́n wá fi eré sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1893. Láti ọdún 1964 ni Hamburg ti dẹ́kun mímu omi odò Elbe. Omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fà wá sínú páìpù. Wọ́n ti Kaltehofe pa ní ọdún 1990, ibi ìrántí sì ni ibẹ̀ lónìí. Ní ti Osdorf, abúlé ni ní ìgbà náà. Ó di ara Altona ní ọdún 1927, Altona fúnra rẹ̀ sì di ara Hamburg pẹ̀lú òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1937.

Èkó àti owó omi

Ẹ jẹ́ kí a sọdá sílé díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kànga ni àwọn ará Èkó gbójú lé. Gómìnà Walter Egerton gbèrò láti fi páìpù fa omi wá sí ìlú, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú san owó omi. Ariwo ta. Ní ọdún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó omi sì wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ náà. Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀. Herbert Macaulay náà kò gbà, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti ilẹ̀ wíwọ̀n ní Plymouth láàárín ọdún 1890 sí 1893. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910, agbára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 2.4 lóòjọ́. Nígbà tí ìjọba Lugard wá fi dandan gba owó omi ní ọdún 1916, ìlú tún gbóná.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kórìíra omi mímọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé a kò bi wọ́n kí a tó bu owó lé wọn, àti pé àwọn òyìnbó àti ilé iṣẹ́ ìjọba ni yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ Hamburg àti ti Èkó ti jọra tí wọn kò sì jọra. Ní ìlú méjèèjì, ìjà náà jẹ́ lórí ẹni tí yóò sanwó. Ṣùgbọ́n ní Hamburg, àwọn tí ó ní agbára ni ó fà sẹ́yìn, àwọn tí kò ní agbára ni ó sì kú. Ní Èkó, àwọn tí kò ní ohùn nínú ìjọba ni ó ń bèèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn mọ ohun tí àwọn ń sanwó fún.

Ìbéèrè wọn yìí ni mítà omi wá sí ayé láti dáhùn. Bí owó omi bá jẹ́ owó tí a bù lé ilé, ẹni tí ó pọn garawa kan yóò bá ẹni tí ó pọn ogún san iye kan náà. Ẹni tí páìpù rẹ̀ ń jò kò ní í wá ẹni tún un ṣe. Omi tí a ti náwó láti sẹ́ yóò máa ṣàn lọ sínú gọ́tà. Nítorí náà, ìsẹ́mi àti ìwọ̀nmi, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ̀rọ tí ń yí àti ẹ̀rọ tí ń gbọ́

Àwọn ará Jámánì tún kó ipa pàtàkì níbi mítà inú ilé. Carl Wilhelm Siemens jẹ́ àbúrò Werner Siemens, ẹni tí ó bá Halske dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1847. Carl Wilhelm ṣí lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 ni ó ṣe mítà omi kan tí ó tà dáadáa, owó tí ó rí níbẹ̀ sì mú ẹsẹ̀ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. Láti ìgbà náà, ìdí ọgbọ́n kan náà ni ọ̀pọ̀ mítà ilé dúró lé: omi ń yí ohun kan, ohun náà sì ń yí nọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń yí a máa gbó. Yanrìn a máa jẹ ẹ́, ìpẹ́ omi líle a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá gbó, omi a máa kọjá tí kò ní í kà á tán. Bí ẹ̀rọ omi bá ń kán tó tó tó, agbára omi náà lè má tó láti yí i rárá. Láti fi mítà tuntun sínú páìpù ńlá, ó di dandan kí a gé páìpù náà, kí a sì dá omi àdúgbò dúró. Àwọn onímọ̀ wá ń bi ara wọn pé: ṣé a kò lè wọn omi láìfi ohunkóhun dí ọ̀nà rẹ̀?

Ohùn ni wọ́n rí. Ní ọdún 1842, ọdún tí Hamburg jóná gan-an, Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ṣàlàyé ní ìlú Prague bí ìrìn ohun tí ń dún tàbí tí ń tàn ṣe ń yí ohùn tàbí ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa padà. Bí ọkọ̀ panápaná bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohùn fèrè rẹ̀ a ga. Bí ó bá ti kọjá, ohùn náà a lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1928, Oskar Rütten gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Jámánì lórí bí a ṣe lè fi ohùn gíga wọn ohun tí ń ṣàn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kò mọ bí a ti ń ka àkókò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n náà sì sùn fún ìgbà pípẹ́. Ní òpin àwọn ọdún 1950, Shigeo Satomura ní ilẹ̀ Jàpáànì fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn nínú iṣan ènìyàn. Ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ Tokyo Keiki, ní ilẹ̀ kan náà, gbé mítà olóhùn jáde fún àwọn ilé iṣẹ́. Ní Berlin, a dá ilé iṣẹ́ FLEXIM sílẹ̀ ní ọdún 1990, ọdún tí Jámánì méjì di ọ̀kan. Ó di gbajúmọ̀ fún irú mítà tí a kàn ń de mọ́ ẹ̀yìn páìpù láìgé e. Ilé iṣẹ́ Emerson ti Amẹ́ríkà rà á ní ọdún 2023.

Báwo ni ohùn ṣe ń wọn omi?

Ẹ rántí ọlọ́kọ̀ ojú omi. Bí ó bá ń bá odò lọ, kíá ni yóò dé. Bí ó bá ń wa ọkọ̀ dojú kọ odò, yóò pẹ́, bí agbára apá rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí ó jókòó sí etí odò, tí ó ka àkókò àlọ àti àkókò àbọ̀, lè mọ bí odò náà ti ń sáré tó láìfi ẹsẹ̀ kan omi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mítà olóhùn ń ṣe. Ó ní etí méjì, ọ̀kan sí òkè omi, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. Etí kọ̀ọ̀kan lè gbọ́, ó sì lè sọ̀rọ̀. Ohùn tí ó ń lò ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ, irú èyí tí àdán fi ń rí ọ̀nà lóru, tí àwọn dókítà sì fi ń wo ọmọ nínú oyún. Ti òkè yóò sọ̀rọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yóò dá a lóhùn. Ohùn tí ó bá omi lọ yóò yára dé díẹ̀ ju èyí tí ó dojú kọ omi.

Báwo ni díẹ̀ náà ti kéré tó? Ẹ jẹ́ kí a mú páìpù kan tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, kí omi inú rẹ̀ sì máa sáré mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ohùn ń sáré tó mítà 1,480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn náà bá dá páìpù kọjá ní ìdábùú, ní igun 45, ìrìn àjò rẹ̀ yóò gba nǹkan bí ìdá 96 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àlọ àti àbọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 91 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nínú ìyàtọ̀ tí ó tín-ín-rín yìí ni ẹ̀rọ náà ti ń mọ̀ pé nǹkan bí lítà omi 8 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò yí, kò gbó, kò dí omi lọ́nà.

Irú kejì tún wà, tí ó jẹ́ ti Doppler gan-an. Òun ń fi ohùn lu ìdọ̀tí tàbí ìhó tí ó wà nínú omi, ó sì ń gbọ́ bí ohùn náà ṣe yí padà nígbà tí ó bá bọ̀. Omi ẹ̀gbin ni ó dára fún jù, nítorí pé nínú omi tí ó mọ́ tónítóní, kò ní rí ohun tí yóò dá ohùn náà padà.

Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Mítà tí a dè mọ́ ẹ̀yìn páìpù ń fẹ́ kí omi kún páìpù náà bámúbámú. Ó ń fẹ́ kí páìpù gùn gbọọrọ níwájú rẹ̀, láìsí ìgbúnwọ́ nítòsí, nítorí pé níbi tí omi bá ti ń yí, ohùn a máa sọ ohun tí kò rí. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ nínú omi, ohùn náà kò ní í dé òdì kejì.

Ohun tí ó kàn wá

Lónìí, òfin ìkọ́lé Hamburg pàṣẹ pé kí mítà omi wà nínú ilé ayálégbé kọ̀ọ̀kan; ọdún 2004 ni gbèdéke tí wọ́n fún àwọn ilé àtijọ́. Láti ọdún 1981 ni òfin Jámánì ti ní kí owó ìmúlégbóná náà tẹ̀lé ohun tí olúkúlùkù lò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn mítà tí ń wọn ooru sì jẹ́ olóhùn. Mítà omi kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a tún un yẹ̀ wò. Èyí dà bí ìgbà tí ìjọba ń yẹ ìdí kóńgò wò fún wa.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀tọ́ yín ṣeré. Onílé gbọ́dọ̀ fi ìṣirò owó ọdọọdún ránṣẹ́ láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí. Ẹ̀yin náà ní oṣù 12 láti ta kò ó lẹ́yìn tí ó bá dé ọwọ́ yín, ẹ sì lè béèrè láti wo àwọn ìwé tí ó ti ìṣirò náà lẹ́yìn. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ilé àti lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò. Bí ẹ bá ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa tí mítà sì ń yí síbẹ̀, ibì kan ń jò nínú ilé.

Ní ti ilé wa, ìlú Èkó ti fi ọ̀pọ̀ kún ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjù. Ilé iṣẹ́ omi Adíyàn, tí a ṣí ní ọdún 1991, ni a kọ́ láti máa pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lóòjọ́. Síbẹ̀, gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá rẹ̀, tí a sì mọ ohun tí bíìlì àfojúdá ń ṣe fún ẹni tí kò ní mítà iná. Àwọn ọmọ wa kan ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Hamburg àti ní Berlin. Ó lè wù wọ́n láti gbé mítà olóhùn lọ sílé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí èèwọ̀ rẹ̀: ẹ̀rọ tí ó dára jùlọ ní ayé kò lè wọn omi tí kò sí nínú páìpù. Omi ni a kọ́kọ́ ní láti pèsè, kí ó tó di pé a wọ̀n ọ́n, kí ó tó di pé a béèrè owó rẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn san owó náà tinútinú, ó yẹ kí a dá àwọn tí ó ṣe ìwọ́de ní Èkó ní ọdún 1908 lóhùn. Ọ̀rọ̀ wọn kò tíì gbó. Ẹni tí yóò sanwó fẹ́ mọ ohun tí ó rà, ó fẹ́ kí a bi òun, ó sì fẹ́ rí i pé a kò lu ìdí kóńgò wọlé. Hamburg kò kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láìsunkún. Ènìyàn 8,600 ni ó bá a lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi irú iye bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.